Màrìwò Ẹnu Ọ̀nà Igbó

Òórùn irun ẹran tó ń jóná ló kọ́kọ́ bá imú mi nígbà tí èmi àti ọmọ ọmọ mi obìnrin sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní Ìkòtún lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ọkùnrin kan ló ń wi ọ̀yà lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó sì fi igi gbé òmíràn kọ́ sókè kí àwọn tó wà nínú mọ́tò lè rí i. Ọmọ náà fi ọwọ́ di imú. "Màmá, eku yìí mà tóbi o!" Mo rẹ́rìn-ín, nítorí kò parọ́. Ó wá béèrè ibi tí wọ́n ti mú un wá. Ọlọ́yà ló dá a lóhùn: "Ọ̀nà jíjìn ni o, àǹtí kékeré. Ta ló tún ń rí ọ̀yà ní Alímọ̀ṣọ́ ńbí?" Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Ibi tí iná rẹ̀ wà kò jìnnà rárá sí ibi tí bàbá mi ti máa ń tọ ipasẹ̀ ẹran.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, mo mọ̀ pé bí mo bá ní igbó wà ní Ìgàndò rí, ẹ ó ní ìrànrán arúgbó ni. Igbó wà o. Láti ẹ̀yìnkùlé wa títí dé etí odò, igi ni o máa rí: ìrókò, àràbà, ọ̀pẹ, àti ìtàkùn tó lọ́ mọ́ra wọn bí irun orí tí wọn ò yà. Àparò ló ń jí wa láàárọ̀, a kò mọ aago. Awọ ẹran ló wà lára ògiri ilé wa, ajá ló kún ìdí ààrò, ìyá mi sì máa ń sọ pé òun ò mọ̀ bóyá ọkọ lòun fẹ́ tàbí àwọn ajá. Bàbá mi ni olórí àwọn ọdẹ àdúgbò. Ó ga, ó tín-ínrín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sì fẹ́ wúkọ́ pàápàá, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn bóyá ẹran wà nítòsí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, níbi tó ti máa ń sùn dáadáa nígbà ìwàásù.

Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Bàbá mi kì í rò ó, nítorí kò sí ilé tí ẹran rẹ̀ kì í dé. Síbẹ̀, ìgbà kan wà lọ́dún tí ìkòkò wa kì í rí ẹran igbó rárá. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ dáadáa, tí àwọn ẹtu ti ń lóyún, bàbá mi á kó àwọn ọdẹ jọ, wọ́n á já màrìwò tútù lára ọ̀pẹ, wọ́n á ta á dábùú ẹnu ọ̀nà igbó. Wọ́n ti ti igbó pa nìyẹn. A lè wọlé lọ ṣẹ́ igi, a lè ṣa ìgbín, ṣùgbọ́n ìbọn kò gbọdọ̀ kọjá lábẹ́ màrìwò yẹn títí àwọn ẹran á fi bímọ. Ọdẹ tó bá ṣi èyí tó lóyún pa, fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ìbọn rẹ̀ wá sílé wa, bàbá mi á fi í kọ́ àjà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo rí àgbàlagbà ọkùnrin tó sunkún nítorí ìbọn rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Ẹ má sì rò pé ẹni mímọ́ ni àwọn ọdẹ o. Lápá ìsàlẹ̀ odò, ibì kan wà tí à ń pè ní Ojú Àgbọ̀nrín, èmi kò sì fojú kan àgbọ̀nrín níbẹ̀ rí. Nígbà tí mo bi bàbá mi, ó ní àwọn bàbá àwọn ló pa wọ́n tán. Wọ́n pa akọ, wọ́n pa abo, wọ́n pa ọmọ, wọ́n rò pé igbó kì í tán. Ọjọ́ tí wọ́n wá a tì ni wọ́n tó mọ̀ pé orúkọ nìkan ló kù. Ìtìjú yẹn ló kọ́ wọn láti máa so màrìwò.

Mo ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì lọ́dún tí katapílà dé. Mọ̀lẹ́bí wa ló ta ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ ẹbí ni, gbogbo wọn ló fẹ́ tà á, bàbá mi nìkan ni kò fẹ́. Wọ́n ń sọ fún un pé, "Bùọ̀dá, ṣé igbó la ó máa wò títí ni? Ìlú ń bọ̀ jàre!" Nígbà tó rí i pé omi ti pọ̀ ju ọkà lọ, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí àwọn ẹran bímọ ná kí wọ́n tó hú igi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ta ló ń dá katapílà dúró nítorí oyún ẹtu?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, màrìwò ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa katapílà dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó gbé búrẹ́dì tó ń jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá bi bàbá mi bóyá òògùn ni. Ká ní bàbá mi dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ọmọ náà ì bá fẹsẹ̀ fẹ. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í parọ́. Ó ní, "Rárá o. Àwọn ẹran ló lóyún." Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, bàbá," ó sì gun màrìwò náà kọjá. Lọ́jọ́ kejì bàbá mi so òmíràn. Wọ́n tún já a, ó tún so ó. Nígbà tó yá, kò sí igi kankan lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì ọ̀nà tí èèyàn lè so màrìwò mọ́.

Àwọn ẹran wá tú síta láàárín ilé. Ikún, òkété, ọ̀yà, ẹtu, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa forí lé. Ẹni tí kò di ìbọn mú rí, télọ̀, kápẹ́ńtà, títí kan tíṣà wa tó wọ táì, gbogbo wọn fa igi yọ, wọ́n di ọdẹ ọ̀sán gangan. Àwọn ọdẹ tí wọ́n ń bá bàbá mi so màrìwò náà bá wọn dá sí i. Wọ́n ní, "Olúọdẹ, bí a ò bá pa á, ṣebí ẹlòmíì á pa á." Títí di òní ni mo ṣì ń wá èsì ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹtu kan sá wọ agboolé wa. Ikùn rẹ̀ ti wú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nínú gbogbo ilé tó wà lọ́nà yẹn, ilé ọdẹ ló sá wọ̀, níbi tí awọ àwọn ẹbí rẹ̀ ti wà lára ògiri. Bàbá mi dìde lórí àpótí, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn géńdé tó ń lé e.

"Bàbá, ẹran wa ni o! Àwa la lé e débí."

"Ó ti di àlejò mi."

"Àbí ẹ fẹ́ dá nìkan jẹ ẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun bàbá mi. Òun tó ń pín ẹran kárí àdúgbò, òun ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

A fi ẹtu náà sínú yàrá tí ìyá mi ń kó ẹ̀gẹ́ sí. Mo já oríṣiríṣi ewé fún un, kò fẹnu kàn án. Bàbá mi ní ẹtu kì í ṣe ẹran ọ̀sìn, pé bó bá pẹ́ nínú ilé, ẹ̀rù nìkan á pa á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé e kọ́ ọrùn, mo gbé omi tẹ̀lé e, a sì wá igbó lọ. A gba apá Ẹgbẹ́dá, bíkìn, òpó kọnkéré tí wọ́n fi ń pín ilẹ̀, ni wọ́n rì kiri gbogbo ilẹ̀. A yà sí ọ̀nà Ìkòtún, òkìtì yanrìn àti búlọ́ọ̀kù la bá níbẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò, ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà. Gbogbo ẹni tó pàdé wa lọ́nà ló ń béèrè iye tí bàbá fẹ́ ta ẹtu. Nígbà tí oòrùn mú, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó gbé ẹran náà lé itan. Ó wò mí, ó ní, "Láti kékeré ni mo ti ń wá ẹran nínú igbó. Wá wò mí lónìí, igbó ni mò ń wá fún ẹran."

A gbé e padà wálé. Ó kú kó tó dìrọ̀lẹ́, tòun tọmọ inú rẹ̀. Ìyá mi tó ti dáná pa iná náà. Bàbá mi gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sin ín, àwọn ará àdúgbò sì ní orí ọdẹ ti dàrú. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó gbé ìbọn ara rẹ̀ kọ́ àjà, níbi tó máa ń fi ti àwọn tó ṣi aboyún ẹran pa kọ́ sí. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ilé mi tí àwọn ayálégbé ń gbé ló wà lórí ilẹ̀ agboolé wa yẹn báyìí, inú rẹ̀ ni èmi náà ń gbé. Kẹ̀kẹ́ ń já èrò sí Ojú Àgbọ̀nrín lójoojúmọ́, àwọn tó ń wà á kò sì mọ̀ bóyá èèyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí ẹran. Nígbà míì mo máa ń ronú bóyá ẹnì kan ṣì ń so màrìwò níbi jíjìn tí wọ́n ti ń kó ọ̀yà wá sí Ìkòtún. Bí kò bá sí, a jẹ́ pé orúkọ ni wọn yóò máa pè níbẹ̀ náà láìpẹ́. Àánú wọn ń ṣe mí, ṣùgbọ́n kí ni mo lè ṣe? Ọwọ́ tó so màrìwò títí igi fi tán, kí ló rí mú?

Síbẹ̀, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ dáadáa lọ́dọọdún, mo ń rán èèyàn lọ bá mi wá màrìwò, mo sì ń so ó mọ́ gééètì. Ayálégbé mi kan tó máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ìsìn ti bi mí rí pé, "Màmá, ṣé Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ò tíì kọjá ni?" Mo ní ó ti kọjá.

Nígbà tí a ti Ìkòtún dé, mo so ti ọdún yìí. Ọmọ ọmọ mi bá mi di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Mo ṣàlàyé fún un pé igbó la fi ń tì, pé ìbọn kò gbọdọ̀ kọjá níbẹ̀ títí àwọn ẹran á fi bímọ. Ó wo màrìwò náà. Ó wo gééètì, ó wo àdúgbò lọ títí dé òpin, páànù àti wáyà iná, ó wá gbójú sókè sí mi.

"Màmá, igbó náà dà?"

Mo ní kó di màrìwò náà mú dáadáa, kí n lè ta kókó rẹ̀ kó le.