Òkú Ẹran Nìkan Ni Mo Kà

Ojú mi yìí ni mo fi rí i, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan. Ọdún 1990 ti ń kanlẹ̀kùn nígbà náà. Bíríkìlà ni mí, ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹ bi ará Ọ̀yọ́ bóyá ògiri mi kan wọ́ rí.

Ewúrẹ́ ni ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ẹyọ kan ṣoṣo tó fà wá láti Ìkòyí-Ilé nígbà tó ń lọ ilé ọkọ ló bí gbogbo wọn. Kó tó kú, ó ní, "Má jẹ́ kí ìran wọn parun." Ó tún ní n kò gbọdọ̀ kà wọ́n láé, nítorí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èmi náà ò kà wọ́n. Ọ̀dọ̀ mi l'Ọ̀yọ́ ni púpọ̀ wà. Díẹ̀ wà lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin, tíṣà tó ń gbé nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Àrùn wọlé tọ̀ wọ́n. Imú wọn á máa ṣomi, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Mẹ́fà kú l'Ọ̀yọ́, mẹ́rin kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo wọkọ̀ lọ bá àbúrò mi.

"Ọ̀yọ́ ló ń pa wọ́n," mo ní. "Mẹ́fà ju mẹ́rin lọ. Màá kó gbogbo wọn wá síbí."

"Mẹ́fà nínú mélòó, bọ̀ọ̀dá mi?"

"N kì í ka ẹran ìyá wa."

"Òkú nìkan lẹ wá ń kà? Èmi kà wọ́n nígbà tí mo wá ṣọdún lọ́dọ̀ yín. Kí ìyá wa foríjì mí."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà sára ògiri ilé ẹran. Ọ̀yọ́ lókè, Ògbómọ̀ṣọ́ nísàlẹ̀. Òkú lápá kan, alààyè lápá kan, àpapọ̀ lẹ́yìn wọn. Ọ̀yọ́: mẹ́fà, mẹ́rìnlélógún, ọgbọ̀n. Ògbómọ̀ṣọ́: mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́jọ.

"Ẹ wo àpapọ̀. Nínú márùn-ún márùn-ún tó wà l'Ọ̀yọ́, ẹyọ kan ló kú. Níbí, ìdajì ti lọ. Ẹran ọjà ló ń fara ro wọ́n lójoojúmọ́. Tí ẹ bá kó tọ̀hún wá, ikú lẹ kó wọn wá bá."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo nu imú fún ló fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu àpapọ̀ kúrò lára ògiri. Ògiri ọ̀hún, èmi ni mo rẹ́ ẹ, ó ń dán.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n."

Mo fi ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn. Ní Takie, bí a ṣe wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnìkan bi mí bóyá ọjà ni mò ń kó lọ. Mo ní ẹbí mi ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé ẹran dákẹ́. Àràárọ̀ ni èmi àti àbúrò mi ń wọ́ òkú jáde. Kò dárúkọ ògiri rí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀ọ̀dá mi" ló máa ń wí. Kòtò tí mo gbẹ́ gún régé, n kì í ṣe iṣẹ́ tí kò dáa. Èyí tó kú kẹ́yìn dúdú, ó ní funfun níwájú orí bíi ti èyí tí ìyá mi fà wá. Ẹsẹ̀ àbúrò mi ló gbé orí lé títí ó fi kú.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó kà wọ́n. Mẹ́fà l'Ọ̀yọ́. Mẹ́rin ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó kó wọn dé. Méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí mo kó wọn dé. Méjìdínlógójì, nínú méjìdínlógójì.