Èyí Tó Kù Lára Àbúrò Mi

"Màmá, kí lẹ fẹ́ ká ṣe sí èyí tó kù lára àbúrò yín?"

Dókítà obìnrin kan ló bi mí bẹ́ẹ̀, nínú yàrá ìwádìí kan tó kún fún òórùn oògùn apakòkòrò, tí fíríìjì ń kùn nínú rẹ̀. Àbúrò mi ti pẹ́ nínú ilẹ̀ nígbà yẹn. Èmi rò pé a ti sin gbogbo rẹ̀ tán.

Aṣọ lílọ̀ niṣẹ́ tó ṣe láyé, nílé ìfọṣọ kan tó ń bá àwọn òtẹ́ẹ̀lì fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Má-fọwọ́-kàn-án ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ kó fọwọ́ ba aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Ọwọ́ wo nìyẹn? Lọ fọ̀ ọ́, tún un fọ̀, kí o wá dúró lọ́ọ̀ọ́kán!" Báyìí ló ṣe máa ń jágbe mọ́ wọn.

Nígbà tí àìsàn dé, òun alára ò gba ìfọwọ́kàn mọ́. Ìka rẹ̀ wú, oríkèé rẹ̀ ń gbóná. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dojú ìjà kọ ọ́. Purotéènì kan wà nínú wọn tí kì í yé pariwo pé ọ̀tá dé, nígbà tí ọ̀tá kankan ò sí.

Dókítà yìí wà lára àwọn tó ń wá oògùn sí i. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi, ó ṣàlàyé. Oògùn náà ò ní bá purotéènì yẹn jà. Á fi ọwọ́ kan dì í mú, á fi ọwọ́ kejì fa ẹni tó ń so àmì ìdànù mọ́ nǹkan nínú sẹ́ẹ̀lì sún mọ́ ọn. Tí àmì bá ti wà lára rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ á gbé e lọ síbi tó ti ń rún ohun tí kò fẹ́ mọ́.

"Alárinà ni, àbí?" ni àbúrò mi wí. "Ó ń mú ọkọ ìyàwó lọ bá ẹni tó máa rún un."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò purọ́, mà."

"Kó yáa tètè ṣe ìgbéyàwó ọ̀hún o. Àwọn àlejò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ilé mi tán."

Oògùn náà ò tíì ṣeé fún èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló fún wọn kí wọ́n fi dán an wò. Kíndìnrín rẹ̀ tí àìsàn ọ̀hún ti kọ lù ò dúró dè wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó di aṣọ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí sílẹ̀ níbí. Gbogbo mi ni kẹ́ ẹ gbé lọ sílé."

Mo ṣèlérí.

Àfi ìgbà tí dókítà ní kí n wo inú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, nínú yàrá ìwádìí ọjọ́ yẹn. Mo rí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó fún wọn, rogodo-rogodo, wọ́n fara ti ara wọn.

"Wọ́n ṣì ń pọ̀ sí i," ló wí jẹ́ẹ́.

Mo la ẹnu láti kí àbúrò mi. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi pa ojú rẹ̀ dé.

"Àbúrò yín fúnra wọn ló ní ẹ̀yin ni ká bi," ni dókítà wí. "Ẹ lè kó wọn lọ sin."

"Tí mo bá kó o lọ ńkọ́?"

"A ó tún fi ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Á pẹ́ kó tó dé ibi tí tiwọn dé. Nínú tiwọn la ti ń rí i tí purotéènì yẹn ń parẹ́, tí ariwo ọ̀hún ń rọlẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà."

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí àbúrò mi bí ló mú mi wá síbẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, nínú oòrùn ọjọ́ yẹn.

"Màmá àgbà, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sílé. Ẹ má torí tèmi."

"Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn."

"Òtútù ló ń mú mi."

"Mo ní bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Oríkèé ìka rẹ̀ pọ́n, ó wú, gẹ́lẹ́ bíi ti ìyá rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Mo yíjú sí dókítà. "Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀."

Oògùn náà ò tíì dé. Ọmọ ṣì ń lo ti àtijọ́, ó ń rù. Bí fíríìjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nílé ìdáná, mo máa ń jáde, kódà bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná. Mo jẹ àbúrò mi ní gbèsè ara rẹ̀, mi ò sì tíì san án.