Ewúro Tí N Kò Tọ́ Wò

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní Ìfọ̀, ahọ́n ni mo fi ń ran ìyá ìyá mi lọ́wọ́ ju ọwọ́ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ewúro fífọ̀ ni wọ́n ń tà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sì fi ewé éérán pọ́n ọn. Àwọn tó ń bá rélùwéè lọ sí Èkó ló ń rà á jù. Ẹni tó bá ra ti Ìyá Àgbà kì í tún un fọ̀ kó tó dà á sọ́bẹ̀. Ohun tí wọ́n fi lórúkọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn nìyẹn, wọn kò sì fi ṣeré.

Ìyá Àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìran ewé bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀. Lójú ọ̀nà oko, wọ́n á já òdòdó yúnyún, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á ní kí n wò ó dáadáa. Ohun tí mo pè ní òdòdó kan, òdòdó wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n fún mọ́ra bí èèyàn inú agbo ilé. Wọ́n ní ibikíbi tí mo bá ti rí irú òdòdó bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n: ewúro, yánrin, imí-eṣú, títí kan abẹ́rẹ́ olóko tó máa ń lẹ̀ mọ́ wa láṣọ. "Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kì í níwà kan náà," wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì wo ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá wa lọ sóko, a ó bú sẹ́rìn-ín. Yánrin ń sun oje funfun. Imí-eṣú ń rùn. Yúnyún ni wọ́n ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ewúro ní tirẹ̀ korò, omi rẹ̀ a sì máa hó bí ọṣẹ.

Nínú ìkorò yẹn ni iṣẹ́ wà. Wọ́n á gún ewé náà díẹ̀, wọ́n á fi káún sí i kí ìkorò lè tètè jáde, wọ́n á wá máa fọ̀ ọ́. Omi àkọ́kọ́, wọn kì í dà á nù, wọ́n ń mu ún sí ibà. Omi kejì àti ìkẹta, dídànù ni. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Bí ìkorò bá tán pátápátá, koríko lásán ló kù. Bó bá ṣẹ́ kù jù, ọbẹ̀ bàjẹ́. Ahọ́n nìkan ló lè sọ ọ́.

Ahọ́n Ìyá Àgbà sì ti kú. Mo rí wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n fi ewúro tí a kò tíì fi omi kàn sẹ́nu, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ láìfajúro. Mo lanu. Wọ́n wò mí, wọ́n mọ̀ pé mo ti mọ̀. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, àní ìyá rẹ pàápàá. Ìwọ ni wàá máa bá mi tọ́ ọ wò." Bí mo ṣe di ahọ́n wọn nìyẹn. Orí mi wú.

Nígbà tó yá, ìyàwó òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ewúro púpọ̀, àlejò ọkọ òun ń bọ̀ láti Èkó. Ìyá Àgbà fọ̀ ọ́, wọ́n na díẹ̀ sí mi. Báàbá dúdú sì wà lẹ́nu mi lọ́wọ́, súìtì tí mo ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Bí mo bá tọ́ ewúro wò, adùn rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Mo yíjú, mo mi ẹnu bí ẹni tó ń jẹ ẹ́, mo ju ewé náà sẹ́yìn. "Ó ti tó, Ìyá." Wọ́n gbà mí gbọ́. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ọmọ mi, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, obìnrin náà gbé abọ́ ọbẹ̀ dé ibi tí a ti ń tajà. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò. Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́ nílé wa. Ojú tì mí lójú àlejò." Àwọn tó ń tajà ti ń wo ọ̀dọ̀ wa. Ìyá Àgbà fìka bù ú, wọ́n lá a. Wọ́n tún bù ú. Wọ́n wò mí, n kò lè wojú wọn. Wọ́n wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ọbẹ̀ yìí mà dára, ọmọ mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló mọ̀ lọ́jọ́ náà ohun tí Ìyá Àgbà ti ń fi pa mọ́.

Nígbà tí a délé, wọ́n bi mí, "Ṣé o tọ́ ọ wò?" Mo ní mo tọ́ ọ wò. Wọ́n mi orí, wọ́n ní bóyá ewúro ọdún yìí ló yàtọ̀. Wọ́n da odó dojú dé sí ẹ̀yìn ilé, wọn kò ta ewúro mọ́. Òjò ọdún kejì kò bá wọn láyé. Mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà, mo ń sọ pé ó dọ̀la. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ayé ti yí. Mowé tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi báyìí, oko àti igbó ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Ilé àti òpópónà márosẹ̀ ti gbà á. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń di ewúro sí tà, ẹni tó rà á kò mọ ẹni tó fọ̀ ọ́. Ọmọ-ọmọ mi kan ń kọ́ nípa ewé ní yunifásítì. Ó ní inú ìdílé kan náà ni ìwé àwọn ka ewúro àti yánrin sí, nítorí òdòdó wọn, ó sì mọ orúkọ ohun tó ń mú ewúro korò. Mo ní kò burú. Agbo ilé tí Ìyá Àgbà fi hàn mí lójú ọ̀nà oko ló ń sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fọ ewúro, mo fi kan ahọ́n, n kò mọ ìkorò kankan. Mo tún un tọ́ wò. Mo pe ọmọ-ọmọ mi tó kéré jù pé kó wá bá mi tọ́ ọ wò. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ewé náà, ó ní, "Grandma, ó ti okay." Mo ń wò ó. Kò fi kan ẹnu rárá. N kò bá a wí. Mo bu omi mìíràn lé ewúro náà, mo ń fọ̀ ọ́ lọ.