Ìdì Aṣọ Tí Kò Ní Oníbàárà

Ìyá Alábẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹni tó ń wá ìjà. Bí aṣọ bá fún oníbàárà, tí gbogbo wa sì rí i pé oníbàárà ló sanra, á ní òun lòun kò wọ̀n ọ́n dáadáa, á tú u, á tún un rán. Yàrá iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló ń gbé, maṣíìnì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì. Tó bá ń ránṣọ, inú irun orí rẹ̀ ló máa ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, á sì bọ́ sójú títì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lórí. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti wà nílé ọkọ, òun àti maṣíìnì ló kù tí wọ́n jọ ń gbé.

Ìjókòó ló fẹ́ bá ayé rẹ̀ jẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń jókòó, kì í dìde àfi tó bá fẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù. Nígbà tó yá, bó bá dìde, ẹsẹ̀ á ti kú tipiri, á di ara ògiri mú títí ẹ̀jẹ̀ á fi padà sí i. Kókósẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà kò gbà wọ́n mọ́. Ẹ̀rù bà á, nítorí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, obìnrin líle tó jẹ́ pé ìró bàtà rẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ dákẹ́ ariwo, ti di ẹni tí wọ́n ń gbé jókòó, tí wọ́n ń gbé dìde. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń gbé e sí láràárọ̀, ó ń wo àwọn tó ń kọjá. Gbogbo ènìyàn ní ara àgbà ni.

Nọ́ọ̀sì tó rí Ìyá Alábẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn tẹ ẹsẹ̀ náà níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó mi orí.

"Màmá, ìjókòó ló ń ṣe yín báyìí. Bí ẹ ò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹsẹ̀ yìí á fi yín sílẹ̀."

"Kí n máa rìn lọ síbo?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò ní lọ síbì kankan. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ẹ jáde, ẹ rìn títí ara yín á fi gbóná, kí ẹ padà wálé. Ó parí."

Ó parí lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Kò tíì dé àdúgbò wa rí ni. Ní àdúgbò wa, obìnrin tó bá jáde nílé gbọ́dọ̀ gbé nǹkan lọ́wọ́, tàbí kó ní ibi tó ń sáré lọ. Tí kò bá ní ọ̀kankan, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ nìyẹn. Bóyá orí rẹ̀ ti ń yí. Bóyá òun àti ẹnì kan jà nílé. Bóyá ọkùnrin kan wà níbì kan tí a ò tíì mọ̀, a ó sì mọ̀ ọ́n láìpẹ́. Onígbàjámọ̀ tó wà ní igun títì ni olórí àwọn tó ń ṣe ìwádìí. Orí òun fúnra rẹ̀ ti pá, kò sí irun kan tó lè fi polówó iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò pá ní tirẹ̀. Ó ní bẹ́ǹṣì kan níta ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni àwọn tí kò fẹ́ gé irun máa ń jókòó sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, Ìyá Alábẹ́rẹ́ wẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lórí, ó jáde. Kò tíì dé igun tí ohùn fi pàdé rẹ̀.

"Ìyá Alábẹ́rẹ́! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé kò sí wàhálà? Ibo lẹ ń sáré lọ báyìí?"

Ta ló ń sáré? Ìyá tí ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀! Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti yíjú, gbogbo wọn ń dúró de èsì. Ojú ti ìyá náà débi pé ọrùn rẹ̀ gbóná. Kò mọ ìgbà tí irọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo fẹ́ ra òwú dúdú ni."

Bó ṣe lọ ra òwú tí kò nílò nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún béèrè, ó tún ra òwú. Nígbà tó fi máa di ìparí ọ̀sẹ̀, òwú dúdú tó wà nílé rẹ̀ tó láti rán gbogbo ṣòkòtò àdúgbò. Àwọn ọjọ́ tí kò lè ra òwú mọ́, á jáde dé ẹnu ọ̀nà, á gbọ́ ẹ̀rín orí bẹ́ǹṣì lókèèrè, á padà wọlé. Inú bí mi sí ìyẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Obìnrin tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀, tó tọ́ ọmọ, tó sin ọkọ, ń yọjú wo títì bí ẹni tó jalè.

Ọgbọ́n tó wá dá nìyí. Ó ní gáùn aláwọ̀ ewé kan nínú àpótí, tó rán fún ara rẹ̀ nígbà kan tí aṣọ náà wù ú. Bọ́tìnnì kéékèèké tí ó fi aṣọ kan náà bò wà láti ọrùn dé ìbàdí, kò sì sí ojú abẹ́rẹ́ kan tó wọ́. Kò wọ̀ ọ́ rí, ibo ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ? Ó ká a dáadáa, ó fi aṣọ funfun dì í, bó ṣe máa ń di aṣọ oníbàárà, ó gbé e sí apá, ó jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Aṣọ oníbàárà nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o."

"Ọlọ́run á tún fi òmíràn kún un."

Onígbàjámọ̀ padà sídìí irun tó ń gé. Ó tán. Ìyá Alábẹ́rẹ́ kọjá bí ọba.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń rìn ní ìrọ̀lẹ́. Á gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé ìwé, á kọjá lábẹ́ àwọn igi ńlá tí ẹyẹ ti ń pariwo kí wọ́n tó sùn, á yípo, á padà. Ó wá rí i pé òun fẹ́ràn kí òun nìkan máa lọ. Kò sí ẹni tó ń pè é, kò sí ẹni tó fẹ́ kó tú apá aṣọ, ó kàn ń gbọ́ ìró bàtà ara rẹ̀. Nígbà tó ṣe, kókósẹ̀ tó wú lọ sílẹ̀, bàtà gbà á. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti dé ibi sítóòfù kó tó rántí pé òun kò di ògiri mú. Ó bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan.

Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín yẹn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Obìnrin kan tó kó aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wá ní òun fẹ́ gbà á padà, aṣọ náà kò tíì kan sísọ́ọ̀sì. Òmíràn ní òun ń bọ̀, kò bọ̀. Olùkọ́ kan tó ti ń rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́ gba ẹ̀yìn ilé kọjá pẹ̀lú aṣọ lábẹ́ abíyá. Ìyá Alábẹ́rẹ́ jókòó ti maṣíìnì tí kò ní aṣọ lábẹ́ rẹ̀, kò mọ ohun tó ṣe.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá tú àṣírí. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń dá aṣọ padà fún yín?"

"Ta ló dá aṣọ padà?"

"Ó ti kárí ibi gbogbo. Wọ́n ní ojú yín ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo lẹ máa ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, wọn kì í gbà á, ẹ sì máa ń gbé e padà wálé."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ fà á jókòó. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ, nọ́ọ̀sì, òwú dúdú, ìdì aṣọ. Ó rò pé àwọn á jọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò bá kúkú máa rìn nínú yàrá yín, Màámi. Àgbà obìnrin ò kàn lè máa rìn kiri lójú títì láìní ibi tó ń lọ. Ẹ rò ó wò. Kí ni àwọn àna mi á sọ?"

Nínú yàrá! Yàrá tó jẹ́ pé bí o bá ti kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì, tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ti gbá ọ nítan. Ìyá náà sin ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, kò sì jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò jáde nírọ̀lẹ́ kejì. Ó gbé ìdì aṣọ padà sínú àpótí. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ tún fi ń kú tipiri, tó tún ń na ọwọ́ wá ògiri.

Bó ṣe jókòó lẹ́bàá fèrèsé nìyẹn tó rí Tísà. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì ni Tísà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ká ọwọ́ sẹ́yìn, á rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kọjá, kò gbé nǹkan kan dání. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti ń rí i láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò kà á sí. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́ ohùn onígbàjámọ̀ tó ń lọ sókè.

"Tísà! Ẹ kú atẹ́gùn o!"

Ó parí. Kò béèrè ibi tó ń lọ. Kò béèrè pé ṣé kò sí wàhálà. Ìyá Alábẹ́rẹ́, ẹni tí kì í wá ìjà, di ògiri mú, ó dìde, ó ṣí àpótí, ó gbé ìdì aṣọ, ó sì forí lé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀.

Oníbàárà kan wà lórí àga, wọ́n ti gé ìdajì irun rẹ̀, ó ku ìdajì, kò lè sá. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ju ìdì náà lé onígbàjámọ̀ lọ́wọ́.

"Tú u."

"Ìyá, kí ló—"

"Mo ní kí o tú u!"

Ó tú u. Gáùn náà tú wálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́tìnnì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àwọn orí bẹ́ǹṣì dìde wá wò ó.

"Wá ibi tí ojú mi ò ti ríran nínú rẹ̀ fún mi."

Onígbàjámọ̀ yí aṣọ náà síwá sẹ́yìn. "Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò pe ojú yín ní nǹkan kan. Mo kàn sọ pé mo rí yín tí ẹ ń gbé e lọ, tí ẹ ń gbé e bọ̀ ni. Ẹ̀yin náà lẹ ní ti oníbàárà ni."

Òótọ́ ni, Ìyá Alábẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó dùn ún wọra, ó sì tún dá kún ìbínú rẹ̀.

"Èmi ni oníbàárà! Èmi ni mo ni ín! Ìrìn ni mo ń rìn kí ẹsẹ̀ mi má baà kú, ẹ ò jẹ́ kí n rìn, ẹ sọ mí di òpùrọ́ nígbà tí mo ti dàgbà tó yìí. Ibo ni Tísà ń lọ?"

"Tísà? Kò lọ síbì kankan. Ó ń gba atẹ́gùn ni."

"Ṣé atẹ́gùn ọkùnrin nìkan ló ń fẹ́ ní títì yìí ni?"

Ọkùnrin tí wọ́n gé ìdajì irun rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Gbé aṣọ mi kọ́ sára ògiri níta níbẹ̀ yẹn," ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ wí. "Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ojú mi ń ríran, kó wá wò ó. Tí mo bá ń padà bọ̀, màá gbà á. Kò sì sí ibi tí mo ń lọ!"

Ó bọ́ sójú títì lọ́wọ́ òfìfo. Kò kọ́kọ́ mọ ohun tó máa fi ọwọ́ náà ṣe, ó ń wúwo bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó ń sọ̀rọ̀ lóun nìkan, ó ń bú onígbàjámọ̀, ó ń bú bẹ́ǹṣì, ó kọjá ọgbà ilé ìwé láìyípo. Nígbà tí ìbínú náà máa rọlẹ̀ díẹ̀, ó bá ara rẹ̀ níwájú ilé ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Ìyá àgbà náà wà lẹ́bàá fèrèsé bí wọ́n ṣe gbé e sí.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì gba orí ilẹ̀ níbẹ̀ ro ẹjọ́ náà látòkè délẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ wà níta.

"Wọ́n sọ fún èmi náà," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Kí ni wọ́n sọ, Ọ̀gá mi?"

"Pé kí n máa rìn. Ó ti pẹ́, ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi nígbà yẹn." Ó fọwọ́ pa itan rẹ̀. "Mo jáde lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bi mí pé ibo ni mò ń lọ. Ojú tì mí, ni mo bá padà wálé."

Obìnrin tí gbogbo wa ń bẹ̀rù! Ara àgbà ni, gbogbo wa la wí bẹ́ẹ̀.

"Ta ló rí ọ bí o ṣe ń bọ̀?" ni ọ̀gá béèrè.

"Gbogbo wọn, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jáde lọ, kí n wò ọ́."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ jáde. Ó rìn kọjá níwájú fèrèsé náà, ó yípo, ó tún rìn padà, ọwọ́ rẹ̀ ń fì. Ẹnì kan tó ń kọjá béèrè pé ibo ló ń lọ, kò dá a lóhùn. Ọ̀gá fi ọwọ́ gbá gíláàsì fèrèsé, ó ní kó tún rìn.