Anti Kúmárì àti Àwọn Gíríìkì

Ní kékeré mi, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín iwájú, ìdílé mẹ́ta ló ń pín fúláàtì kan ní Al Nahda, ní Sharjah tó múlé gbe Dubai. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ á rántí àkókò náà: ọrọ̀ ajé Dubai ti dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn òbí wa.

Anti Kúmárì, ọmọ Sri Lanka tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Al Quoz ní Dubai, ló ń gbé yàrá tó kángun sí tiwa. Òórùn epo àgbọn kì í kúrò níbẹ̀. Ère kékeré kan wà lórí tábìlì rẹ̀, irun ère náà rí bí ìgbì omi, aṣọ rẹ̀ sì ṣẹ́po bíi ti àwọn àpọ́sítélì inú Bíbélì alàwòrán mi.

Mo bi í pé, “Anti, ṣé Pọ́ọ̀lù nìyí?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Búdà ni. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn Gíríìkì wá tẹ̀ dó sí apá Íńdíà, wọ́n sì kọ́ àwọn tó ń gbẹ́ ère níbẹ̀ níṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn gba ẹ̀sìn Búdà. Ọba wọn kan tilẹ̀ jókòó ti àlùfáà ẹ̀sìn Búdà kan, ó ń bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí í ṣe ọjọ́ Sunday School wa nítorí pé òun ni ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀, tíṣà béèrè ẹni tó wàásù fún àwọn Gíríìkì. Mo nawọ́: “Pọ́ọ̀lù ni, mà, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ṣáájú rẹ̀ bá àwọn kan sọ̀rọ̀.”

Tíṣà fẹjọ́ mi sun Mọ́mì, ìkúnlẹ̀ ni mo sì bá nílé. Mo nawọ́ sókè níwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ, Mọ́mì sì kà á léèwọ̀ fún mi láti wọ yàrá Anti mọ́. Dádì, tó ti ṣe tíṣà rí kó tó di síkiọ́rítì, kàn sọ pé, “Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.”

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá Anti dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fagi lé fisa rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú báàgì rẹ̀, kò wọlé. Mi ò lè sún mọ́ ọn. Mọ́mì, tí mo ti sọ ìtàn ọba Gíríìkì náà fún lórí ìkúnlẹ̀, bi í pé:

“Kúmárì, ọba yẹn, nígbà tó béèrè tán, kí ló ṣe?”

“Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà náà, mà.”

Mọ́mì tẹ orí ba. Ó ní, “Èmi ò tiẹ̀ bi ọ́ ní nǹkan kan rí.” Ó gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e ka orí, ó sì bá a sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé alájà mọ́kànlá náà, nítorí líìfù ti bàjẹ́. Ìgbà tó padà, ó sunkún ní kíṣìnì.

Nígbà náà, a há mọ́ra débi pé a mọ ikọ́ ara wa yàtọ̀. Lónìí, mo ní fúláàtì tèmi ní Al Khan, ní Sharjah kan náà. Ó mọ́, ó tutù, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọdún kẹta rèé, mi ò mọ orúkọ ẹni tó wà lódìkejì ògiri.