A Kò Gbọ́, Ẹ Tún Un Sọ

N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí. Ará Ifẹ̀ tó bá fẹ́ máa fojú inú wò ó, ọ̀ràn tirẹ̀ nìyẹn. Orúkọ ló dá gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ sì ti sú mi.

Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ dé, iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni kí n máa mú òṣìṣẹ́ tuntun mọlé. Bí ẹnìkan bá gba ìwé iṣẹ́ láàárọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á darí rẹ̀ sí. Màá bá a to ìwé rẹ̀, màá bá a gba káàdì tí wọ́n ń fi kọ́rùn, lẹ́yìn náà màá mú un káàkiri, láti ẹnu géètì títí dé ilé ìdáná. Màá rọra sọ ọ́ sí i létí pé, "Bàbá tó jókòó yẹn, má pè wọ́n ní Mísítà o, wọ́n ti lọ Mẹ́kà, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀." Tàbí, "Bí o bá kí ìyá yìí tí wọn ò dáhùn, tún wọn kí. Etí wọn ló wúwo, kì í ṣe ìgbéraga." Ìyàwó tuntun là ń pe òṣìṣẹ́ tuntun níbi iṣẹ́ wa, ì báà jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n. Àwọn ẹlẹ́nu ṣóńṣó sì ń pe èmi ní Ìyá Alága, bíi ti àwọn tó ń darí ètò ìgbéyàwó. N kò bá wọn jà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Ìgbà tí ọ̀gá tuntun dé láti Èkó ni nǹkan yí padà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó kàn gbà pé gbogbo ohun tí ènìyàn bá ń fi ọwọ́ ṣe, ojúsàájú wà nínú rẹ̀. Ó ní mímú òṣìṣẹ́ káàkiri ń fi àkókò ṣòfò, pé àwọn kan sì ń gba ọ̀dọ̀ ẹbí wọlé. Ó ní gbogbo rẹ̀ máa di ọ̀tọmátíìkì. Ẹ̀rọ ni yóò máa pe òṣìṣẹ́ tuntun lórí fóònù, á kí i, á bi í ní ìbéèrè, á gba ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, á sì sọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún un. Àwọn tó kàwé, á bá wọn sọ òyìnbó. Àwọn tó ń ṣọ́ géètì, àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn tó ń dáná, Yorùbá ló máa bá wọn sọ. Wọ́n wá ń wá ẹni tí ohùn rẹ̀ tuni lára.

Èmi ni wọ́n mú. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn, bíi pé wọ́n fi mí joyè!

Wọ́n mú mi wọ yàrá kan tí wọ́n ti fi tìmùtìmù dí fèrèsé rẹ̀, wọ́n gbé bébà lé mi lọ́wọ́. Mo wo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tó wá ṣe ẹ̀rọ náà kọ: "Kí ni orúkọ rẹ? Kí ni orúkọ ọkọ rẹ tó di olóògbé?" Mo gbé bébà náà sílẹ̀. Mo ní, "Ta lẹ ń bi báyẹn? Ọmọ ọwọ́? Ẹ̀rọ tó bá máa bá àgbà sọ̀rọ̀ nílẹ̀ yìí, ó gbọ́dọ̀ mọ 'ẹ' yàtọ̀ sí 'o'." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí màmá tún un ṣe bó ṣe tọ́. Mo tún un ṣe. Mo fi "ẹ" sí gbogbo ibi tó yẹ, mo kà á pẹ̀lú sùúrù, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí èyí tó kí ènìyàn káàbọ̀. Ìkẹyìn tí mo kà ni pé, "A kò gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ." Mo bi wọ́n pé ta ni mo ń sọ ìyẹn fún. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí kò bá dáhùn dáadáa ni.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n gbé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tèmi. Wọ́n fi mí sí ẹ̀gbẹ́ sítọ́ọ̀, níwájú kọ̀mpútà kan, kí n máa wo ẹni tí ẹ̀rọ ti gbà wọlé. Orúkọ ẹni tó bá yege á ní àwọ̀ ewé tútù. Ti ẹni tí kò bá yege á pupa. Ohùn mi ń ṣiṣẹ́, èmi jókòó.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òkò tí mo sọ kò tilẹ̀ jìnnà.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní agboolé wa ní Ìlàrè, bàbá àgbà kan náà ló bí bàbá rẹ̀ àti bàbá mi. Awakọ̀ ni níbi iṣẹ́ wa kan náà. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ó ṣàìsàn, kò pẹ́ lórí ẹní, ó kú. Modákẹ́kẹ́ ló ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún tí ará ìlú méjèèjì ṣì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ara wọn. Àwọn kan nílé wa kùn. Obìnrin náà mọ̀ pé wọ́n kùn, ó sì pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní rí àléébù nínú ìwà òun. Láti ọjọ́ tó ti wọlé, kò pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé lórúkọ. Mo dàgbà jù ú lọ díẹ̀, obìnrin sì ni mí, ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ ilé ni mí, "ọkọ mi" ló ń pè mí. Nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, á pè mí ní Eyínfúnjowó, nítorí eyín mi. Èmi ń pè é ní "ìyàwó mi", mo sì ń fi "o" bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́? Bàbá wọn. Kò pe orúkọ ọkùnrin náà rí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti ń gba ọ̀nà fásitì.

Àṣà kan wà níbi iṣẹ́ wa pé bí òṣìṣẹ́ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á fún ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ ní ipò kan. Wọ́n kọ orúkọ ìyàwó mi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìmọ́tótó. Irun ló ń dì lábẹ́ agbòòrùn lẹ́bàá Ẹnuwá, ìka rẹ̀ sì ti ń dùn ún débi pé kì í lè di irun kan tán kó má sinmi. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà nílé ìwé. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, èyí nìkan ló kù tí Bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wa. Bí kò bá bọ́ sí i, ọmọ yìí ń padà wálé nìyẹn." Mo ní kó dìde, kó fọkàn balẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ máa pè é, kó kàn dáhùn ohun tó bá bi í.

N kò ronú kan orúkọ. Kí lèmi fẹ́ ronú sí níbẹ̀?

Ìgbà tí mo tún máa rí i lójú kọ̀mpútà, ó ti pupa. Ẹ̀rọ ti pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò yege. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló ń pe ènìyàn, lẹ́yìn ìyẹn á gbé ipò náà fún ẹni tó kàn. Wọ́n máa ń gba ìpè náà sílẹ̀, mo bá tẹ̀ ẹ́ kí n lè gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ohùn tèmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. "Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ẹ káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́ wa." Ìyàwó mi dáhùn kíá, inú rẹ̀ dùn: "Háà, ọkọ mi! Ẹ kú iṣẹ́ o, Eyínfúnjowó! Ẹ kú wàhálà wa." Ohùn mi ní, "Kí ni orúkọ ọkọ yín tó di olóògbé?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín náà ni." "A kò gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ." "Bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n yín." "A kò gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọkọ mi, kí ni mo ṣe?" "A kò gbọ́."

Nínú ìpè kejì, ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí. Ó ní bí ẹnìkan nínú ilé bá ti ro òun lẹ́jọ́ fún mi, kí n dárí ji òun; ó ní òun ò lè la ẹnu òun pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ lójú mi, pé òun mọ̀ pé wọ́n ń dán òun wò ni. Ó ní, "Láti ìgbà tí ẹ ti ń fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀ yín." Ohùn mi sì ń dáhùn pẹ̀lú sùúrù, bí mo ṣe kà á gan-an nínú yàrá ọjọ́sí, pé a kò gbọ́.

Àwọn tó wà ní sítọ́ọ̀ ti kó jọ sẹ́yìn mi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Mo ní Ọlọ́run á mú wọn, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ọ̀gá tẹ́tí gbọ́ mi tán. Mo ní kí ó jẹ́ kí n tẹ orúkọ ọkùnrin náà sí i, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ó wa ọ̀gá fúnra rẹ̀ rí. Ó ní ẹ̀rọ kò ní àyè fún ìyẹn. Ó wá rọra bi mí pé, "Mà, ṣé ẹbí yín ni obìnrin náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Ohun tí a fi ra ẹ̀rọ náà gan-an nìyẹn."

Ìpè kẹta lè wọlé nígbàkígbà lọ́jọ́ náà. Mo ní kí n yára ta á lólobó kó mọ̀ pé kì í ṣe èmi, ẹ̀rọ ni, kó pe orúkọ náà bíi pé ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí owó lórí fóònù mi, mo bá gbé ti ọ́fíìsì, n kò rántí pé nọ́ńbà rẹ̀ náà ni ẹ̀rọ fi ń pè. Ó dún, wọ́n gbé e. N kò mọ ẹni tó gbé e, nítorí ẹnikẹ́ni nílé wa ló lè gbé e, títí kan àwọn àgbà. Mo bá fi ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀wọ́..."

Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó lọgun orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó pe orúkọ àbísọ, ó pe ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún un pè. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ń ya bí aṣọ. Mo ń pariwo pé, "Ìyàwó mi, èmi ni o! Èmi gan-an ni!" Kò gbọ́. Ó ní, "Mo ti pè é o. Ẹ gbà, mo ti pè é." Ó pa fóònù.

Mo tún pè é, ó ti pa á pátápátá. Mo gun ọ̀kadà dé Ìlàrè, n kò dúró dúnàá-dúrà. Lẹ́yìnkùlé, níbi tí a sin ẹ̀gbọ́n mi sí lẹ́bàá ògiri bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ni mo bá a. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí gèlè, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú pé òun pè é lórúkọ. Fóònù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú. Nígbà tó rí mi, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, mo pè é. Ṣé wọ́n gbọ́?"

Mo mú fóònù náà, mo tàn án. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé wọ́n pè é, kò sí lórí afẹ́fẹ́, wọ́n sì kí i pé ó dàbọ̀. Mo kà á fún un. N kò mọ ohun mìíràn tí ǹ bá ṣe. Ọkọ rẹ̀ tí kò pè lórúkọ rí, èmi ló pè é fún, n kò sì ní ibì kan tí mo lè tẹ orúkọ náà sí.

Mo bẹ ọ̀gá, mo bẹ àwọn ará Èkó, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Ẹlòmíràn ti wọ ipò náà. Àbígbẹ̀yìn ti padà wálé. Òun náà ti ń kọ́ irun dídì. Ohùn mi ṣì ń kí àwọn ènìyàn káàbọ̀ láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo ń kọjá ní Ẹnuwá, mo rí i lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀. Mo kí i láti ẹ̀yìn, mo ní, "Ìyàwó mi, o kú iṣẹ́." Kò yíjú. Mo tún un kí. Ó fi òòyà sílẹ̀, ó wò mí lójú, ó sì pe orúkọ mi. Kì í ṣe Eyínfúnjowó. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni, òun àti ti bàbá mi lẹ́yìn rẹ̀, gbangba, láàárín ọjà. Ó wá ní, "Ṣé ẹ gbọ́, àbí kí n tún un sọ?"