Oyún Inú Bàálù

Tó bá jẹ́ pé ìgbéraga ló ń gbé bàálù fò ni, èyí tí Ọ̀gá Obìnrin ń bá ṣiṣẹ́ kò ní bu epo láyé. Òun ni olórí àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún èrò nínú bàálù ọ̀nà jíjìn, ó sì ti pẹ́ lókè débi pé bí ẹni ń wo èèrà ló ń wo ará ilẹ̀.

Òfin ilé iṣẹ́ wọn ni pé obìnrin tó bá lóyún gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí wọ́n fún un níṣẹ́ nílẹ̀. Dókítà wọn ti ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: ìtànṣán kan ń ti ara oòrùn àti ìràwọ̀ wá, afẹ́fẹ́ tó nípọn ló ń bá ará ilẹ̀ dí i, ṣùgbọ́n lókè réré afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́. Èrò tó ń wọ bàálù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò rí nǹkan púpọ̀ bẹ̀rù níbẹ̀. Ẹni tó fi òkè ṣe ilé ló ń kó o jọ sára, kò sì yẹ kí ọlẹ̀ inú bá a pín níbẹ̀. Ọ̀gá ní ìrànù ni. "Adìyẹ ilẹ̀" ló ń pe ẹni tó bá sọ oyún rẹ̀ síta, ni àwọn obìnrin abẹ́ rẹ̀ bá ń fún ikùn mọ́ inú aṣọ iṣẹ́.

Àbúrò rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ mú wọ iṣẹ́ náà, ti wá ọmọ títí kó tó rí oyún. Ọ̀gá nìkan ló fi tó létí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn, kí n dúró nílẹ̀."

"Dúró níbo? Kí wọ́n wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre. A jọ ń lọ lọ́la ni."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ìrìn àjò ọ̀la. Ìyẹn ló ń bíni nínú jù.

Ẹ wá wo Ọ̀gá tí kò ka ìtànṣán ojú ọ̀run sí. Ohun tí òun ń bẹ̀rù ni ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà pápákọ̀, èyí tó kàn ń wá irin lára èèyàn! Ó ní ẹ̀rọ náà ń mu ẹ̀jẹ̀. Àpò ló máa ń fi bo ikùn, á wá sáré kọjá bí ẹni tí òjò ká mọ́ ìta. Ọ̀mọ̀ràn ńlá!

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tò síwájú ẹ̀rọ náà, ọkùnrin tó ń pín iṣẹ́ sì wà lẹ́yìn wọn. Bí àbúrò ṣe gbẹ́sẹ̀, Ọ̀gá fà á lápá, ó figbe ta.

"Má gba ibẹ̀ o! Ṣé o fẹ́ pa oyún inú ẹ ni?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ọkùnrin náà ní kí ọmọbìnrin náà gbé àpò rẹ̀ padà, kò ní fò mọ́. Ọ̀gá ní àwàdà lòun ń ṣe. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Àbúrò rẹ̀ wò ó lójú kòró.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́, ẹ̀yin náà lẹ wá sọ ọ́. Ó dàbọ̀ o. Ọmọ mi ò bá yín lọ."